Ṣé yógà àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá àdúrà onígbàgbọ́ mu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ìsánlú, ọmọ ìjọ ECWA, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Ẹni tó ń tọ́jú mi nílé ìwòsàn ní kí n máa ṣe yógà, ọmọ mi obìnrin tó wà ní Àbújá sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ̀yìn náà ti ń rọlẹ̀. Àmọ́ bí fídíò náà bá ń parí lọ, wọn á ní ká jókòó jẹ́ẹ́, ká máa wí ọ̀rọ̀ kan léraléra. Ara mi máa ń móoru nígbà náà, mo sì ń rí ìmọ́lẹ̀. Pásítọ̀ wa ní ẹ̀mí àjèjì ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ Kátólíìkì ní Kabba ní kò séwu. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ sì ni ìmọ́lẹ̀ yẹn?

Ìdáhùn: Okun o, ìyá wa. Ẹ kú ìrora, ẹ sì kú ìdààmú ọkàn.

Ẹ lè máa na ẹ̀yìn yín. Ẹ lè máa jókòó jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí fídíò yẹn ń kọ́ yín, ẹ má sì ṣe ìnara àti àdúrà pọ̀ nínú ìjókòó kan náà. Pásítọ̀ yín rí òtítọ́ kan, ẹ̀gbọ́n yín náà rí òmíràn. Ohun tó fà á tí ọ̀rọ̀ wọn fi takora ni pé nǹkan mẹ́ta ni fídíò náà dì sínú ẹrù kan ṣoṣo: ìnara, èémí, àti ọ̀rọ̀ àtúnwí pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. A ní láti tú ẹrù náà palẹ̀ ká tó mọ èyí tí a ó mú.

Íńdíà ni yógà ti wá, inú ẹ̀sìn ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Nínú ìwé Patanjali, ọlọ́gbọ́n ará Íńdíà àtijọ́ tí àwọn olùkọ́ yógà máa ń tọ́ka sí, ìpele mẹ́jọ ni ọ̀nà náà ní: ìwà tí èèyàn á yẹra fún, ìwà tí á máa hù, ìjókòó ara, ìkóso èémí, fífa ọkàn kúrò lára ohun tí ojú ń rí àti ohun tí etí ń gbọ́, kíkó ọkàn jọ sójú kan, àṣàrò, àti ìpele ìkẹyìn tí wọ́n ń pè ní samadhi, níbi tí ọkàn ti rì pátápátá sínú ohun tó ń ṣàṣàrò lé lórí. Ìjókòó ara, tí gbogbo ayé mọ̀ sí yógà lónìí, ẹ̀kẹta péré ni nínú mẹ́jọ. Ibi tí ọ̀nà náà ń lọ ni pé kí ẹni inú wa, tó ń wo ohun gbogbo, gba ara rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá kúrò lọ́wọ́ ayé tí à ń fojú rí. Ìgbàgbọ́ Kristẹni kò forí lé ibẹ̀. Àjíǹde ara là ń retí. A gbà pé Ọlọ́run dá ayé, ó sì rí i pé ó dára. A tún gbà pé Ẹni tí à ń gbàdúrà sí kì í ṣe àwa fúnra wa: ó ń gbọ́, ó ń dáhùn, ó lè sọ pé rárá. Ẹni tó bá ní yógà látòkèdélẹ̀ àti ìgbàgbọ́ jẹ́ ọ̀kan náà kò tíì fara balẹ̀ wo èyíkéyìí nínú méjèèjì. Òtítọ́ tí pásítọ̀ yín rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìpele mẹ́jọ yìí ló wà nínú ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe fún ẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú ìnara tó tàn ká ayé lónìí ti ọwọ́ Krishnamacharya wá, ẹni tó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ààfin Mysore ní àwọn ọdún 1930, àti ti ọwọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bíi B.K.S. Iyengar àti Pattabhi Jois. Nígbà tó fi dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ní ọ̀pọ̀ ibi, ìnara nìkan ló kù. Ní 2017, American College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kà á mọ́ àwọn ohun tí ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ìgbà pípẹ́ lè kọ́kọ́ gbìyànjú kó tó fọwọ́ kan oògùn. Nítorí náà, kì í ṣe ojúbọ ni ẹni tó ń tọ́jú yín rán yín lọ.

Ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ti tú irú ẹrù yìí wò rí. Ní New Jersey, wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Transcendental Meditation, ọ̀nà àṣàrò kan tí Maharishi Mahesh Yogi dá sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe ẹ̀sìn. Àmọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ọ̀rọ̀ tí yóò máa tún wí, ó ní láti mú èso, òdòdó àti áńkáṣíìfù funfun wá, kí olùkọ́ sì kọrin ní Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, níwájú àwòrán olùkọ́ Maharishi tó ti dolóògbé. Ní 1979 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ẹ̀sìn ni, kò gbọdọ̀ sí nílé ìwé ìjọba. Ní Encinitas, ní California, òbí kan pe ilé ìwé lẹ́jọ́ nítorí yógà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Ilé ìwé ti yọ àwọn orúkọ Sanskrit kúrò, wọ́n ti fi orúkọ eré ọmọdé dípò wọn, ó ku ìnara àti mímí. Ní 2015 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sìn. Ohun tó wà nínú ẹrù ni àwọn adájọ́ wò, wọn ò wo orúkọ tó wà lára rẹ̀. Àwa tí a dàgbà ní ilẹ̀ Okun, níbi tí ẹbọra ti ní òkè tirẹ̀ àti odò tirẹ̀, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa: bí wọ́n bá gbé èso síwájú àwòrán tí wọ́n sì ń kì í, a mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, èdè yòówù kí wọ́n fi kì í.

Ẹ padà wo fídíò náà, kí ẹ fetí sí i ju bí ẹ ṣe ń fojú wò ó lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa pe “Om”, ohùn mímọ́ ni lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Kì í ṣe ariwo lásán. Bí wọ́n bá ń dárúkọ Shiva tàbí òrìṣà Íńdíà mìíràn, ẹ pa á. Bí wọ́n bá ní agbára kan wà tó ká jọ bí ejò nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn yín, pé ẹ máa jí i gòkè wá sórí, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nìyẹn, kò sí nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yin gan-an ni Ọlọ́run, àti pé ẹ ò kàn tíì mọ̀ ni, ẹ má gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù “namaste”. Bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀ ni, àwọn Kristẹni ibẹ̀ náà ń fi í kí èèyàn. Ti ìkíni oòrùn, tí wọ́n ń pè ní Surya Namaskar, gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Surya ni oòrùn tí wọ́n ń bọ, àwọn kan sì máa ń ka orúkọ rẹ̀ méjìlá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹlòmíràn ń ṣe é láìka nǹkan kan. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀: kò sí ohun tó ń ṣe fún ẹ̀yìn tí ìnara mìíràn kò lè ṣe, títẹ orí mọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò sì dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àtúnwí kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Àtúnwí asán ni Olúwa kọ̀ ní Mátíù 6:7. Sáàmù 136 tún gbólóhùn àánú kan náà wí nínú gbogbo ẹsẹ rẹ̀ 26, Jésù fúnra rẹ̀ sì gbàdúrà lẹ́ẹ̀kẹta ní Gẹtisémánì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń pè ni kí ẹ wò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò mọ ẹni tó ń pè, ẹ má fi ẹnu yín pè é.

Èyí tó dùn mí jù nínú àríyànjiyàn yìí ni pé àwọn ọmọ wa ń lọ kọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lórí fóònù, bí ẹni pé Ìjọ kò ní irú rẹ̀ rí. Ó ní i, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ní aginjù Íjíbítì, láti ìgbà Antony ní ọ̀rúndún kẹta àti ìkẹrin, àwọn onígbàgbọ́ ti ń jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú gbólóhùn kan láti inú Ìwé Mímọ́. Mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ John Cassian lọ bá wọn gbé, ó sì kọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ sílẹ̀: kí èèyàn mú ẹsẹ kìíní Sáàmù 70, “Ọlọ́run, yára gbà mí, Olúwa, yára láti ràn mí lọ́wọ́,” kó máa gbé e kiri nínú ọkàn, níbi iṣẹ́, lójú ọ̀nà, lórí ibùsùn. Láti ọ̀dọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti jogún àdúrà Jésù, èyí tí wọ́n ń wí bí èémí ṣe ń wọlé tó ń jáde: “Jésù Olúwa, Ọmọ Ọlọ́run, ṣàánú fún mi, èmi ẹlẹ́ṣẹ̀.” Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ignatius ti Loyola, àlùfáà Kátólíìkì, kọ́ni pé a lè máa gba Àdúrà Olúwa ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí èémí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ìjọ ECWA náà mọ ọ̀nà yìí díẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú Scripture Union nílé ìwé mọ ohun tí wọ́n ń pè ní quiet time, ìyẹn àkókò tí èèyàn ń dá ka Bíbélì tó sì ń gbàdúrà. Ohun tó kù ni kí a má fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sílẹ̀ ní kété tí a bá ka Bíbélì tán.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti fídíò yín nìyí. Nínú fídíò, ìtura ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Ohùn kan dára bí èkejì, tí ọkàn bá ṣáà ti rọlẹ̀. Nínú àdúrà, Ẹnìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń bá sọ̀rọ̀. A kò jókòó kí ọkàn wa lè ṣófo. A jókòó kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè ráyè níbẹ̀, kí àwa náà lè dákẹ́ dè é bí Sáàmù 62 ti wí: “Ọlọ́run nìkan ṣoṣo ni ọkàn mi dúró jẹ́ẹ́ dè.”

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ìjọ tirẹ̀ kò kàn sọ pé kò séwu. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1989, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Róòmù kọ lẹ́tà sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Kádínà Joseph Ratzinger, tó di Póòpù Benedict XVI lẹ́yìn náà, ló fọwọ́ sí i. Ó ní a lè gba ohun tó wúlò láti inú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti bo ohun tí àdúrà Kristẹni jẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tún dáhùn ìbéèrè yín nípa ìmọ́lẹ̀: ó ní àwọn ìdárayá kan máa ń mú ìtura wá, bóyá ìmọ́lẹ̀ àti ìgbóná pàápàá, àti pé ẹni tó bá ka ìwọ̀nyí sí ìtùnú Ẹ̀mí Mímọ́ ti ṣìnà pátápátá. Mo fara mọ́ ọn, èmi náà sì rò pé pásítọ̀ yín yóò fara mọ́ ọn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ara yín nígbà náà? Bí èèyàn bá rọra mí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìnara, iṣan á tú, ẹ̀jẹ̀ á ráyè lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, wọn á sì móoru. Bí ojú bá wà ní dídì tí oorun sì ń rọra gbé èèyàn lọ, ọpọlọ máa ń ṣe àwòrán àti ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀; ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa bẹ́ẹ̀ kí a tó sùn. Bí mímí bá yára jù, bíi ti irú èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ èémí jáde fìì-fìì láti inú ikùn, gáàsì tó yẹ kó ṣẹ́kù díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á dínkù jù: ojú á pòòyì, ìka àti ètè á máa ta ṣíọ́ṣíọ́. Irú èyí máa ń ṣe ẹni tó ń fi ariwo gbàdúrà láìsinmi pẹ̀lú. Kì í ṣe ẹ̀mí èṣù, kì í sì í ṣe àmì òróró, ara ni. Ẹ má lépa rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ohun tí Bíbélì ní kí a wò ni èso: ṣé ẹ túbọ̀ ní sùúrù pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì yín, ṣé ó rọrùn fún yín láti dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ yín, ṣé ẹ̀ ń fẹ́ Ìwé Mímọ́ sí i?

Ẹ jẹ́ ká wá kọ́kọ́ mú ti ẹ̀yìn. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ó tó wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, kì í sì í ṣe ní kété tí ẹ bá ti ìdí ọkọ́ dé láti oko. Ẹ fọwọ́ àti eékún kúnlẹ̀. Ẹ rọra gbé ẹ̀yìn sókè, kí ẹ rọra jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fa orókún kan wá síhà àyà, kí ẹ dì í mú fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ ṣe wà níbẹ̀, ẹ ká eékún méjèèjì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ẹ gbé ìdí sókè fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ní ìparí, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ jókòó lé gìgísẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ síwájú fún ìṣẹ́jú kan; bí eékún bá ń dùn yín, ẹ fò ó. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ má ṣe sé èémí. Ẹ máa mí sínú títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, kí ẹ sì mí síta títí ẹ ó fi ka mẹ́fà. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ojú glaucoma kò gbọdọ̀ gbórí kọ́ sísàlẹ̀. Bí ìrora bá ta kọjá eékún lọ sí ẹsẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú yín. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tàbí tí ẹ ò lè ṣàkóso ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mọ́, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ fún un ní àkókò tirẹ̀. Bí ẹ bá ń nara ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbàdúrà ní ìdájí kí ilé tó jí. Ìdí tí mo fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé ìtura tó ti ara wá máa ń wọ aṣọ àdúrà. Bí ẹ bá ń ṣe wọ́n pọ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ̀yìn tó rọ̀ yóò fi máa sọ fún yín bóyá Ọlọ́run gbọ́ tàbí kò gbọ́, lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn bá sì le, ẹ ó rò pé ó ti kẹ̀yìn sí yín.

Ẹ jókòó lórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Kò sí èrè kankan nínú kíká ẹsẹ̀ lérí ara wọn. Ó kàn ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀ ni, ẹsẹ̀ á sì kú. Ẹ fi ẹnu pe orúkọ Jésù síta láti bẹ̀rẹ̀, kí ó dá yín lójú ẹni tí ẹ wà níwájú rẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ márùn-ún sí mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ohùn. Lúùkù 18:9-14 dára fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ mú gbólóhùn kan níbẹ̀, bíi “Ọlọ́run, ṣàánú fún mi,” kí ẹ máa wí i jẹ́jẹ́ bí èémí yín ṣe ń lọ fúnra rẹ̀, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkàn yín á sá lọ sí ọ̀rọ̀ owó ọmọ, sí ẹni tí kò kí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má bá a jà. Ẹ padà sínú gbólóhùn yẹn. Bí ohun kan náà bá ń padà wá ṣáá, ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run, nítorí ó ti di àdúrà nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe: ẹ jẹ́wọ́, ẹ dúpẹ́, ẹ dárúkọ àwọn tí ẹ̀ ń tọrọ fún. Ẹ dákẹ́ ìṣẹ́jú méjì, ẹ fi Àdúrà Olúwa parí rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹ máa fi ìṣẹ́jú méjì méjì kún ti gbólóhùn, kó má ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni kí èèyàn yọ ẹ̀bẹ̀ àti ìjẹ́wọ́ kúrò nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dùn jù wọ́n lọ. Òmíràn ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fojú tín-ín-rín àwọn tó ń pariwo gbàdúrà. Ẹ má sì ṣe é lẹ́yìn ìṣọ́ òru tàbí nígbà ààwẹ̀ àìmumi. Oorun àti ebi á dá àwòrán sílẹ̀, ẹ ó sì pè é ní ìran. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn, ẹni tí ìbànújẹ́ ti wọ̀ lára débi tí kò lè sùn, tàbí ẹni tí òkú ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láìpẹ́, kó má dá jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kó ka Sáàmù pẹ̀lú ẹlòmíràn, kó sì rí dókítà.

Ó ku pásítọ̀ yín. Ẹ má ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ẹ lọ bá a, kí ẹ ṣàlàyé pé ẹ ti pa fídíò náà tì, kí ẹ fi ìnara mẹ́rin wọ̀nyí hàn án, kí ẹ sì sọ gbólóhùn tí ẹ fi ń gbàdúrà fún un. Bó bá ní àdúrà tí ohùn kò jáde nínú rẹ̀ kì í ṣe àdúrà, ẹ fi ọ̀wọ̀ rán an létí Hánà ní Sámúẹ́lì Kìíní 1:13: ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, Élì sì rò pé ó ti mutí yó, síbẹ̀ Ọlọ́run gbọ́ ọ. Bí kò bá tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìlànà Pọ́ọ̀lù ní Kọ́ríńtì Kìíní orí kẹjọ la ó tẹ̀ lé: ohun tí ẹ̀rí ọkàn yín gbà láti ṣe fún ìlera nínú yàrá yín, ẹ máa ṣe é; ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ láìgbàṣẹ, ẹ má sì kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé láìjẹ́ pé òbí wọn mọ̀, kí ohun tó rọ̀ yín lára má bàa di ìkọ̀sẹ̀ fún ẹni tó ti inú ìbọ̀rìṣà jáde.

Nígbà tí ẹ bá tún lọ rí ẹni tó ń tọ́jú yín, ẹ ní kó kọ àwọn ìnara tó bá ẹ̀yìn yín mu sínú ìwé, iye ìgbà tí ẹ ó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe. Bí ìwé yẹn bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò tún ní nílò fídíò náà mọ́.